Àgádágodo Ilé àti Owó Òfò: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Onílé àti Ayálégbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àwọn ọba. Ọ̀rọ̀ àgádágodo ni: ti ẹnu-ọ̀nà àti ti fèrèsé, bí ó ti ń bàjẹ́, àti ohun tí ìbàjẹ́ rẹ̀ lè ṣe sí owó tí ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì, lẹ́yìn tí olè bá ti kó o ní ẹrù lọ.

A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àwọn ènìyàn wa tí ń gbé London àti àwọn ìlú mìíràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń san owó adójútòfò lọ́dọọdún pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ka ìwé àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí òfò bá dé ni wọ́n ń rí i pé ohun méjì ni wọn kò mọ̀. Wọn kò mọ ìlérí tí àwọn fúnra wọn ti ṣe nípa ìlẹ̀kùn wọn. Wọn kò sì mọ ibi tí òfin gbà wọ́n là bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti san. Èkejì yìí ni ó dùn wá jù, nítorí ẹni tí a kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sí a máa ká a pọ̀, a fi sínú àpótí, a sì wí pé bí òyìnbó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó ti parí. Kò parí rárá.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ojú ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ilé. Agbo ilé ní ẹnu-ọ̀nà ńlá kan. Arúgbó kan kì í sì í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlejò kò lè kọjá kí a má bi í pé ta ni ó ń wá. Ìdábùú tí a fi ń ti ìlẹ̀kùn lóru jẹ́ ìrànlọ́wọ́ lásán fún àwọn ojú wọ̀nyí. Ní London kò rí bẹ́ẹ̀. Baálé ilé a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó a tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ a lọ sí ilé-ìwé, ilé a sì ṣófo títí di ìrọ̀lẹ́, ní àárín àwọn aládùúgbò tí ó lè má mọ orúkọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé iṣẹ́ ojú lé àgádágodo lọ́wọ́, tí a sì gbé ẹrù òfò lé ilé-iṣẹ́ adójútòfò lórí. Ilé-iṣẹ́ náà, níwọ̀n bí kò ti sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, a máa béèrè àgádágodo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan rò pé owó yìí dàbí àjọ tàbí èsúsú. Nínú èsúsú, owó tí ènìyàn dá ni yóò kó; bí olórí èsúsú bá jẹ́ olóòótọ́, kò sí ìbéèrè kankan. Adójútòfò yàtọ̀. Owó tí a san ní ọdún tí òfò kò sí ti lọ, kò sì ní padà. Ìlérí ni a fi owó náà rà, ìlérí náà sì ní “bí” nínú: bí olè bá wọlé lọ́nà báyìí, bí àgádágodo bá jẹ́ irú báyìí, bí a bá tì í kí a tó jáde. Ẹni tí ó bá wí pé, “Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń san owó fún wọn, wọn kò gbọdọ̀ já mi kulẹ̀,” èsúsú ni ó ń rò.

Bí “bí” kékeré kan ṣe lè gbé gbogbo owó mì, orí omi ni a ti rí i. Ní ọdún 1786, ẹjọ́ kan dé iwájú Adájọ́ àgbà Mansfield ní London. Ọkọ̀ tí a ń jà lé lórí ń jẹ́ Juno. Liverpool ni ó ti ṣíkọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń bọ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì kọjá sí àwọn erékùṣù West Indies. Kò yẹ kí a máa sọ fún yín irú ẹrù tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá kó ní etíkun wa ní àkókò náà. Olówó ọkọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé adójútòfò pé ọkọ̀ náà kúrò ní Liverpool pẹ̀lú 50 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tòótọ́, ènìyàn 46 ni ó bá a kúrò. Kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí ó fi dé Beaumaris ní ilẹ̀ Wales, níbi tí ó ti gba ènìyàn 6 sí i, tí wọ́n fi di 52. Lẹ́yìn náà ni ọ̀tá gba ọkọ̀ náà lójú òkun. Ènìyàn mẹ́rin tí kò sí níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kò ní ohunkóhun íṣe pẹ̀lú ọ̀tá tí ó gba ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Mansfield dájọ́ pé 46 kì í ṣe 50. Ìlérí tí a kọ sílẹ̀ gbọdọ̀ ṣẹ bí a ti kọ ọ́ gan-an, ì báà ṣe pàtàkì, ì báà má ṣe pàtàkì. Olówó ọkọ̀ pàdánù.

A kò sunkún fún olówó ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà wọ inú òfin ọkọ̀ ojú omi ti ọdún 1906, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bà lé orí onírúurú ìwé adójútòfò mìíràn, títí kan ti ilé gbígbé. Bí a bá tẹ̀ lé e ní líle rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ìlérí pé gbogbo fèrèsé òun ní àgádágodo, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti bàjẹ́, lè pàdánù owó rẹ̀ bí iná tilẹ̀ ni ó jó ilé náà. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kì í sábà lo gbogbo agbára yìí lórí mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n agbára náà wà lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́.

Nísinsìnyí òfin ti yí padà, kí gbogbo wa fi etí sílẹ̀ níbi yìí. Òfin tí a ń pè ní Insurance Act ti ọdún 2015 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Ó sọ ohun méjì tí ó kan àgádágodo wa. Èkíní ni pé bí a bá yẹ ìlérí bẹ́ẹ̀, ààbò wa kò kú pátápátá. Ó sùn ni. Ní ọjọ́ tí a bá tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, ó tún jí. Ẹni tí àgádágodo rẹ̀ bàjẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí ó tún un ṣe ní ọjọ́rú, tí olè sì dé ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tí ó lè mú ọjọ́ Ajé rẹ̀ dá a lẹ́bi. Èkejì ni pé bí ìlérí kan bá wà fún dídín irú òfò kan kù, ilé-iṣẹ́ kò lè tìtorí pé a yẹ̀ ẹ́ kọ owó fún wa, bí a bá lè fi hàn pé yíyẹ̀ náà kò lè fi kún ewu òfò tí ó ṣẹlẹ̀, ní ọ̀nà tí ó gbà ṣẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ń béèrè owó ni yóò fi hàn. Nítorí náà ni a ó ṣe sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀rí kí a tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Àgádágodo fèrèsé ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ omi bá bẹ́ nínú ilé tí ó ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, àgádágodo fèrèsé kò bá a tan. Bí olè bá fi irin fọ́ ìlẹ̀kùn iwájú, tí ó gba ibẹ̀ wọlé, tí ó sì gba ibẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ fèrèsé ẹ̀yìn kò yẹ kí ó wáyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fèrèsé ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ó tì sí inú pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí ó bọ́ sí ilé ìdáná, a wà nínú ìṣòro. Àwọn àgbà ti wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Ibi tí ògiri ti lanu ni ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tẹ ojú mọ́.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń béèrè? Fún ìlẹ̀kùn onípákó, ohun tí ìwé púpọ̀ ń dárúkọ ni àgádágodo olífà márùn-ún tí a gbẹ́ ihò fún sínú pákó ìlẹ̀kùn, tí ó bá ìwọ̀n BS 3621 mu. Lífà ni irin pẹlẹbẹ inú àgádágodo tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń gbé sókè. Ní ọdún 1778 ni Robert Barron, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ tí ó dára: bí kọ́kọ́rọ́ kò bá gbé irin náà sókè tó, kò ní ṣí, bí ó bá sì gbé e kọjá ibi tí ó yẹ, kò ní ṣí pẹ̀lú. Bí lífà bá ti pọ̀ tó ni ó ṣòro tó fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ̀n BS 3621, tí àjọ onídìwọ̀n Bìrìtéènì kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1963, kò dúró lórí iye lífà nìkan. Ó ń wò bí àgádágodo ti lè dúró níwájú ayùn àti irin ìlu pẹ̀lú. Nítorí èyí, àgádágodo lè ní lífà márùn-ún kí ó má sì bá ìwọ̀n yìí mu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti yín, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ wo etí rẹ̀, níbi tí ahọ́n irin ti ń yọ jáde. Lára irin pẹlẹbẹ tí ó yí ahọ́n náà ká ni a ń tẹ BS 3621 sí, pẹ̀lú àmì Kitemark. Ẹni tí kò bá rí i níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wí pé òun ní in.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé àgádágodo kan wà tí olè kò lè ṣí? Kò sí. Ní ọdún 1851, nígbà Àfihàn Ńlá tí a ṣe ní London, ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Charles Hobbs, ṣí àgádágodo Chubb tí gbogbo ìlú ń fọ́nnu lé. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ti Joseph Bramah, èyí tí ó ti wà lójú fèrèsé ìsọ̀ láti ọdún 1790, pẹ̀lú ìlérí 200 guineas fún ẹni tí ó bá lè ṣí i. Wákàtí 51 ni Hobbs fi ṣe é láàárín ọjọ́ 16, ó sì gba owó náà. Ṣùgbọ́n kólékólé ìgboro kì í ṣe Hobbs, kò sì ní wákàtí 51 láti fi ṣòfò. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò béèrè ìlẹ̀kùn tí kò lè ṣí láéláé. Èyí tí yóò dá olè dúró títí tí yóò fi sú u ni wọ́n ń béèrè.

Ìlẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìsinsìnyí kì í ṣe ti pákó mọ́, oníke ni. Ìwọ̀nyí ní irin gígùn kan lára etí wọn tí ń ti ìlẹ̀kùn ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ní láti gbé ìdìmú sókè kí àwọn ìkọ́ irin wọ ihò wọn, kí a sì yí kọ́kọ́rọ́. Àìmọye ènìyàn ni ó ń fa ìlẹ̀kùn pa, tí wọ́n gbọ́ ìró “kà,” tí wọ́n sì lọ. Ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò tíì tì. Ahọ́n kékeré kan ṣoṣo ni ó dì í mú. Níhìn-ín ni ìbàjẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlẹ̀kùn a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, àwọn ìkọ́ kì yóò bọ́ sójú ihò wọn mọ́, ìdìmú a le. Ìyá àgbà inú ilé kò lè gbé e sókè, àwọn ọmọ kò ní sùúrù fún un, gbogbo ilé a sì gbàgbé pé ó yẹ kí a máa gbé e. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè mú ìlẹ̀kùn padà sí ipò rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ni àgádágodo tí a san owó iyebíye fún ṣe di ọ̀ṣọ́.

Àléébù mìíràn wà lára irú ìlẹ̀kùn yìí. Ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, bí ó bá yọ síta jù, olè a fi irin dì í mú, a ṣẹ́ ẹ sí méjì. Èyí tí a ṣe láti kọ irú ìṣẹ́ yìí wà. A máa ń rí TS 007 àti ìràwọ̀ mẹ́ta lára èyí tí ó dára jù nínú wọn. Ẹ fi ìka yín kan ti yín nígbà tí ẹ bá dé ilé. Bí ó bá yọ síta kọjá irin tí ó yí i ká, ẹ ronú sí i.

Ní ti fèrèsé, ti ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ń béèrè jù, àti ti òkè tí ènìyàn lè gba orí òrùlé pẹlẹbẹ dé. Wọ́n fẹ́ àgádágodo tí ń lo kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ fèrèsé kéré, ó sì ń sọnù. Ẹ̀dà rẹ̀ kò wọ́n.

A fẹ́ yà díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti owó. Àgádágodo BS 3621 ń béèrè kọ́kọ́rọ́ láti inú àti láti òde. Bí iná bá ṣẹ́ lóru, tí èéfín kún ilé, tí a kò sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ìlẹ̀kùn tí ó lé olè sẹ́yìn yóò dá wa mọ́ inú iná. Nítorí èyí ni a ṣe dá ìwọ̀n mìíràn sílẹ̀, BS 8621, èyí tí a lè fi ọwọ́ lásán yí ṣí láti inú. Bí ilé yín bá ní àwọn àgbà tàbí ọmọdé, tàbí bí ẹ bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n gba èyí, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn nínú ìwé. Àwọn tí ó bá ń lo ti kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n fi í sí ibi kan tí gbogbo ilé mọ̀, kí ó sì jìnnà sí ihò lẹ́tà, nítorí olè a máa ki ọ̀pá oníkọ̀ọ́ gba ihò náà kọ́ kọ́kọ́rọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé. Nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ adójútòfò, wọn a béèrè irú àgádágodo tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” láìdìde wò ó, nítorí pé “bẹ́ẹ̀ ni” ń mú owó ọdún dín kù. Ní ìgbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ béèrè. Ilé-iṣẹ́ a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, wọn a sì ní kí a sọ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2012 lórí ìdáhùn àwọn mẹ̀kúnnù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní kí a ṣọ́ra bí ènìyàn olóye ti ń ṣọ́ra kí a má baà dáhùn ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ilé-iṣẹ́ lè fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya, kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ṣe é pẹ̀lú àìṣọ́ra, a ó wo ohun tí wọn ì bá ti ṣe bí wọ́n bá ti mọ òtítọ́. Bí wọn kì bá ti gbà á rárá, wọn kò ní san, ṣùgbọ́n wọn yóò dá owó ọdún rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ pé owó ọdún ni wọn ì bá fi kún, wọn a dín owó òfò kù ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ ká sọ pé £240 ni a san, àti pé £300 ni ì bá jẹ́ bí wọ́n bá mọ irú àgádágodo náà. £240 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún £300. Bí òfò bá jẹ́ £6,000, £4,800 ni wọn yóò san. £60 tí a rò pé a jèrè ti di £1,200 tí a pàdánù. Bí wọ́n bá bi yín, tí ẹ kò sì mọ̀, ẹ wí pé ẹ kò tíì mọ̀, ẹ lọ wò ó, kí ẹ tó dáhùn.

Ohun kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: àgádágodo tí ó dára nígbà tí a dáhùn, ṣùgbọ́n tí ó bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ìwé púpọ̀ ní kí a máa tọ́jú ilé, kí a sì ṣọ́ra níwọ̀n tí ó yẹ. Ìgbàgbé ọjọ́ kan kì í sábà tó láti fi kọ owó fún ènìyàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń ba ọ̀ràn jẹ́ ni àléébù tí a mọ̀, tí a rí ewu rẹ̀, tí a sì wí pé kò burú, kí ó máa wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àgádágodo rẹ̀ ṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí olè dé ní alẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti ń fi àga ti ìlẹ̀kùn fún oṣù mẹ́ta. Kí ẹ sì mọ̀ pé adójútòfò kì í san owó àgádágodo tí ó gbó fúnra rẹ̀; òfò òjijì ni wọ́n ń bá wa gbé.

Ayálégbé a máa wí pé, “Ilé kì í ṣe tèmi.” Lóòótọ́, òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 gbé àtúnṣe ara ilé àti òde rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́ fún àwọn tí àdéhùn wọn kò tó ọdún méje. Ṣùgbọ́n adójútòfò tí onílé san fún ilé rẹ̀ kò bo aṣọ òkè, iyùn àti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ayálégbé. Ohun ìní ayálégbé ń fẹ́ adójútòfò tirẹ̀, ìlérí àgádágodo inú ìwé yẹn sì wà lọ́rùn ayálégbé. Kí ni kí ó ṣe? Kí ó kọ ìwé sí onílé ní ọjọ́ tí ó rí àléébù náà, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Bí onílé bá fi falẹ̀, kí ó sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kò tó.

Ọ̀nà méjì kan tún wà tí ó ń mú àwọn ènìyàn wa ju àwọn ẹlòmíràn lọ. A fẹ́ràn láti gba ènìyàn sílé: ẹ̀gbọ́n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ ọ̀rẹ́ tí ó wá kàwé, ayálégbé yàrá kan. Ìwé púpọ̀ wí pé bí a bá fi yàrá háyà, wọn kò ní san owó olè bí kò bá sí àmì pé a fi agbára wọlé. Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún kì í fi àmì sílẹ̀. Èkejì ni ìrìn-àjò sílé. Òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó, ọdún Kérésì: a rò pé a ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lo mẹ́wàá. Ìwé adójútòfò sábà wí pé bí ilé bá ṣófo ju ọjọ́ 30 tàbí 60 lọ, ààbò olè dúró, bí gbogbo àgádágodo tilẹ̀ pé pérépéré. Ẹ wo èwo ni ti yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nísinsìnyí, ká sọ pé olè ti dé. Ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ẹ ya àwòrán ìlẹ̀kùn, férémù rẹ̀, àti ibi tí irin ti họ ọ́, kí a tó tún ohunkóhun ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà kó àgádágodo tí ó fọ́ lọ dànù. Ẹ dì í sínú àpò, ẹ fi pamọ́. Àgádágodo yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Bí ilé-iṣẹ́ bá wí pé kò tì, ahọ́n rẹ̀ tí ó tẹ̀ yóò dá wọn lóhùn pé ó tì. Ẹ ní kí ẹni tí ó tún un ṣe kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì bi yín bí ó ti rí kí olè tó dé, ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí. A mọ pé ìbẹ̀rù a máa mú ènìyàn wí pé, “Ó dára pérépéré.” Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fi èké gbé kalẹ̀, òfin ọdún 2015 kan náà fún ilé-iṣẹ́ láṣẹ láti má san ohunkóhun nínú rẹ̀. Àléébù tí ì bá dín owó kù lásán ni irọ́ lè sọ di òfò pátápátá.

Bí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, ẹ kọ ìwé padà, kí ẹ béèrè ohun méjì: gbólóhùn wo gan-an nínú ìwé àdéhùn ni a yẹ̀, àti báwo ni yíyẹ̀ náà ṣe kan ọ̀nà tí olè gbà wọlé? Ìlànà àwọn alábòójútó ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, Financial Conduct Authority, wí pé kò tọ́ kí a tìtorí ìlérí tí mẹ̀kúnnù yẹ̀ kọ owó fún un bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò bá so mọ́ ìlérí náà. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀sùn ni ẹ ń fi sùn. Láti ọjọ́ náà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún yín ní ìdáhùn ìkẹyìn. Lẹ́yìn èyí ẹ lè gbé ọ̀ràn náà lọ bá Financial Ombudsman Service, àjọ onílàjà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin láti ọdún 2001. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá, kò sì di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Bí wọ́n bá dájọ́ tí ẹ̀yin sì gbà á, ilé-iṣẹ́ gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá gbà á, ilé-ẹjọ́ ṣì wà níwájú yín.

Oṣù mẹ́fà ni a fi sílẹ̀ fún yín láti lọ bá àjọ náà. Ọjọ́ tí a fi ìdáhùn ìkẹyìn ránṣẹ́ ni a ti ń ka oṣù náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kà á. Nítorí náà, bí ẹ bá ní láti lọ sílé nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí, kí ẹni tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ máa ṣí lẹ́tà yín, kí ó sì kà wọ́n fún yín lórí tẹlifóònù.